Olórin Tó Wọ Ìyẹ́

Uncle Akín kò fẹ́ rí Duque Faísca sójú rárá. Ọmọ Potogí ni olórin náà, aláwọ̀ pupa, ẹni ọgbọ̀n ọdún, tó ń po gìtá mọ́ ariwo kọ̀ǹpútà, tó ń ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ìyẹ́ ló ń wọ̀, ó sì ń kun ètè. Nígbà kan ní Lisbon, ó so iná mọ́rí, iná jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ dànù, ni àwo orin rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà wàràwàrà. Ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ nìyẹn o!

"Dádì, ẹ wò ó, ó ní èjí bíi tèmi." Hephzibah, ọmọ Uncle Akín, ló sọ bẹ́ẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n nílé wọn ní Lawrenceville, lẹ́bàá Atlanta.

Uncle Akín pa tẹlifíṣọ̀n. "Bàbá wo ló bí irú èyí? Ojú ò tiẹ̀ tì í!"

Díákónì ni. Ó gbé Yúróòpù díẹ̀ kó tó dé Amẹ́ríkà, kò sì sí ìwà àwọn òyìnbó tí kì í bú.

Hephzibah fi fọ́tò òun àti bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí Faísca lórí Instagram, ó ní òun fẹ́ràn orin rẹ̀. Olórin náà fúnra rẹ̀ dáhùn, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún eré rẹ̀ ní Atlanta ránṣẹ́: kó mú bàbá rẹ̀ dání. Ẹ gbọ́ mi, ta ló ń pe díákónì sí irú ijó bẹ́ẹ̀?

"N ò lọ," ni Uncle Akín wí. "Ìwọ náà ò sì lọ."

Hephzibah sunkún títí, kò jẹun. Ìyá rẹ̀, Aunty Yẹ́misí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti shift dé, ó fárígá.

"Ṣé ẹ fẹ́ kó dá lọ ni? Ẹ bá a lọ, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ. Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù lára ọmọ Potogí?"

Lọ́sàn-án Sátidé, Uncle Akín fi mọ́tò gbé Hephzibah lọ sí Atlanta, ó fa fìlà bojú, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Faísca ń fò, ìyẹ́ ń já bọ́ lára rẹ̀.

"Ìranù! Wèrè!" Uncle Akín ń pòṣé, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Hephzibah fẹ́ ya fọ́tò. Bàbá rẹ̀ kọ̀, ó ti fà á dé ẹnu ọ̀nà kí Faísca tó sáré bá wọn.

Olórin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú gbogbo ìyẹ́ rẹ̀, ó sì fi Yorùbá àkọ́sórí wí pé, "Ẹ káàsán, Dádì, Mọ́mì mi ní Lisbon rí fọ́tò yín, ó ní kí n kí yín."