Kókó Etí Ìró

Ní gbogbo Sátidé, bí Adéyanjú bá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú dé, ẹ̀yìnkùlé Ameenat ló ń kọ́kọ́ yà sí kó tó gòkè wá bá Olúfọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ilé kejì sí tiwọn ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀, ni Ameenat ń gbé. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni, opó ni, ó sì lẹ́wà. Olúfọlákẹ́ ò mọ èyí tó ń bí òun nínú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Bàbá Shalom, kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ ni." Adéyanjú ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lọ. "Àǹtí Ameenat ní kì í ṣe pé ká ní ilá, ká ní ata, ká ní labalábá nìkan. Ó ní ilá pàápàá, oríṣi rẹ̀ ò lóǹkà, irà ẹ̀yìn Ìsọlọ̀ náà sì ní tirẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Ó ní èyí tó bá ti parun, ó parun nìyẹn."

"Ọbẹ̀ yín ti tutù," ni Olúfọlákẹ́ wí.

Lọ́jọ́ Sunday ló ṣí àpótí láti mú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìró Màmá Ìsẹ́yìn, ìyá rẹ̀ tó kú, kò sí níbi tó fi í sí. Ìró yẹn nìkan ló rí mú bọ̀ níbi ìsìnkú, nítorí eku ti jẹ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ sókè àjà tán. Kò fọ̀ ọ́, kò sì tú kókó tí ìyá rẹ̀ ta sí etí ìró náà. Ó rí i nísàlẹ̀ àpótí. Ẹnì kan ti tú kókó náà, ohun yòówù tí ìyá rẹ̀ dì sínú rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó dá a lójú pé ọkọ òun ti ń kó ẹrù ìyá òun fún obìnrin yẹn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ń sá aṣọ lójú fèrèsé nígbà tó gbọ́ ohùn Ameenat nísàlẹ̀.

"Ẹ má tíì jẹ́ kí Ìyá Shalom gbọ́. Ẹ jẹ́ kó dá wa lójú ná."

Olúfọlákẹ́ ju aṣọ sílẹ̀. Ó yọjú. Ọkọ rẹ̀ ti lóṣòó sí igun ọgbà, ó ń fi ife bomi rin ilá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ó rọra ń ṣe é. Ọkùnrin tí kì í bu omi mu fúnra rẹ̀ nílé.

Nígbà tí Ameenat lọ síléèwé lọ́jọ́ Monday, Olúfọlákẹ́ gba ẹ̀yìn wọ ọgbà rẹ̀. Ó fa ilá náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà péré, ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi di omi. Igi kékeré kan wà lórí ebè náà, wọ́n fi nylon wé ìwé mọ́ ọn. Lẹ́tà ìfẹ́ wọn rèé. Ó já a, ó mú un gòkè, ó jókòó, ó sì tú u.

Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́: "Ilá Màmá Ìsẹ́yìn, hóró mẹ́fà láti inú kókó etí ìró wọn, kò sí irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi, Fọlákẹ́ ló ni ín."