Ọ̀rọ̀ Tí Thiệm Kò Túmọ̀

Ní Regina, ní Kánádà, ìjọba ló san owó bàálù àwọn tó sá kúrò ní Vietnam, ìjọ ló gba ilé àti oúnjẹ ọdún kan mọ́ra, Thiệm sì ni ògbufọ̀ láàárín wọn. Ó ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìdílé mọ́kànlá láìsí wàhálà kí Ìyá Ngoãn tó dé ní oṣù Kìíní ọdún 1980, tòun ti àpò kan ṣoṣo àti ẹ̀wù òtútù tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ ní pápákọ̀ òfurufú.

Bí Thiệm ti rí i, ó dá a mọ̀. Obìnrin yìí ló fi sílẹ̀ ní etíkun lẹ́bàá Rạch Giá.

Thiệm ló wa ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi sá kúrò ní Vietnam lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Ìyá náà ní kí wọ́n dúró de òun díẹ̀, pé òun gbàgbé nǹkan. Wọ́n dúró, ó pẹ́, kò padà dé. Nígbà tí iná àwọn ọlọ́pàá yọ láàárín igi àgbọn, Thiệm ti ọkọ̀ sómi. Ìbọn ba Lộc, àbúrò rẹ̀, kí wọ́n tó jìnnà. Ó sunkún Lộc títí omijé gbẹ. Ti ìyá tó fi sílẹ̀, kò lè sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ngoãn kò dá a mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i, nínú kùrukùru, Tư lásán, orúkọ ilé rẹ̀, ni gbogbo wọn sì ń pè é nígbà náà.

Lọ́sẹ̀ kìíní, Agnes Toews, olórí ìgbìmọ̀ ìjọ, ní kí Thiệm bi ìyá léèrè ohun tó tún ń fẹ́.

"Sọ fún wọn kí wọ́n bá mi wá Tư tó wa ọkọ̀," ni ìyá wí. "Wọ́n ní orúkọ gbogbo wa wà lọ́wọ́ ìjọba."

Thiệm wolẹ̀. Ó sọ fún Agnes pé ìrẹsì ni.

Àpò ìrẹsì kan dé. Lọ́sẹ̀ kejì ìyá tún béèrè, ìrẹsì tún dé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àpò ti ga kan fèrèsé, ìyá sì bi Thiệm bóyá àwọn òyìnbó yìí rò pé òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Vietnam yòókù pe ìyá wá jẹun ọdún tuntun tiwọn, kò lọ. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó yẹ kó bá wọn jókòó. Thiệm rò pé ìyà tó jẹ ẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Agnes gbé àpò karùn-ún wọlé fúnra rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Thiệm bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun nítorí ìrẹsì yẹn. Agnes ní kí ni ìdáríjì wá fẹ́ ṣe níbẹ̀, ẹni tí ebi ti pa rí, a kì í ka oúnjẹ sí i lọ́rùn. Ó lọ.

Ojú ti Thiệm. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá.

"Màmá, èmi ni Tư. Mo fi yín sílẹ̀. Ẹ bú mi, ẹ ṣépè fún mi, mo gbà."

Ìyá kò bú u. Ó bi í bóyá gbogbo wọn ló gúnlẹ̀. Thiệm ní gbogbo wọn ni, àfi Lộc, àbúrò òun, tí ìbọn bà.

Ìyá Ngoãn yọ́ kúrò lórí àga, òun náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì lè wò ó lójú.

"Ọmọ mi wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ní àwọn máa tú u sílẹ̀ tí mo bá fi yín hàn," ó ní, "èmi ni mo lọ pe àwọn ọlọ́pàá wá."