Hóró Oògùn Tó Wọ Ẹ̀wù

Ọdún méje gbáko ni obìnrin apoògùn kan fi ń rán ẹ̀wù fún oògùn kan ṣoṣo. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi Télọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Kò bá wọn jà. Oògùn àtọ̀gbẹ ni, abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n sì fi ń gbà á, nítorí ẹbí ẹyin àti ẹran ni, inú èèyàn kò sì mọ oògùn yàtọ̀ sí ẹran. Ohun tó bá ti já síbẹ̀, dídà ni yóò dà. Oògùn náà kì í fẹ́ ooru, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ kí wọ́n mi òun jìgìjìgì. Ẹyin tí wọ́n ti pò, ta ló lè dá a padà sínú èèpo?

Ẹ̀wù tí Télọ̀ ń rán jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo hóró oògùn náà, kí ó lè gba inú kọjá láìfarapa. Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ìyá náà ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ níkùn, ikùn náà sì ti le bí ìsàlẹ̀ bàtà.

"Èyí tí a máa fẹnu lò yẹn ńkọ́?" ni ìyá máa ń bi í. "Àbí inú pósí lẹ máa fi í sí fún mi ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, Màmá."

"Sùúrù ti fẹ́ẹ̀ tán lọ́wọ́ mi, ọmọ yìí. Yáa múra."

Ní ọdún keje, Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá kì í pariwo. Bó bá fẹ́ sọ ohun tó burú, gíláàsì ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ nù. Lọ́jọ́ náà, ó nù ún títí.

"Èèyàn mẹ́wàá," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá wálẹ̀, a óò ti yàrá yẹn pa, kí o padà sídìí abẹ́rẹ́ bíi tàwọn yòókù."

Télọ̀ kó èèyàn mẹ́wàá jọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi di hóró oògùn sínú ìgò, ọwọ́ ara rẹ̀ náà ló fi kọ àkọlé sára wọn, ohun kan náà tó ti ń kọ sára ìgò abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì ló ń pè wọ́n lórí fóònù láràárọ̀. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò ní wàhálà: wọ́n á ní àwọn ti lò ó, wọ́n á dúpẹ́, ó parí. Ẹni kẹwàá ni Baba Dírẹ́fà, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ogójì ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì láìtàpá sí àmì ojú ọ̀nà kankan, gbogbo ẹni tó bá sì dúró ló ń sọ ọ́ fún.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ ti lo oògùn?"

"Ùn-ún."

"Ara ńkọ́?"

"Ùn-ún-ùn."

Ìyàwó Bàbá gba fóònù. "Má dà wọ́n láàmú, ọmọ mi. Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn yín, wọn kì í bá mi jà mọ́ títí aago mẹ́jọ á fi lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tán o!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú oorun Bàbá kì í tètè dá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ pè lọ́sàn-án. Ó ní oògùn wọn korò bí jogbo. Télọ̀ yẹ ìwé wò. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù kò mẹ́nu ba ìkorò rárá.

"Àgbà ni wọ́n," ló wí. "Kí ni kì í korò lẹ́nu àgbà?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni kìíní, òfo. Ẹni kejì, òfo. Nígbà tó fi máa di ẹni kẹsàn-án, Télọ̀ ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí, ó sì ń sunkún, kò fi bò. Ohun tó máa sọ fún ìyá rẹ̀ ni kò mọ̀. Ni Nọ́ọ̀sì bá já wọlé.

"Àǹtí! Ti Baba Dírẹ́fà ti wálẹ̀! Ó wálẹ̀ wọ̀ọ̀, bíi tẹni tó ń gba abẹ́rẹ́!"

"Irọ́ lò ń pa!"

Wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òótọ́ ni.

"Ẹnì kan péré lè jẹ́ èèṣì," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ pè wọ́n wá, kí wọ́n lò ó níṣojú mi. Bó bá tún ṣiṣẹ́, mo fún ẹ̀wù rẹ ní ọdún mẹ́ta sí i."

Baba Dírẹ́fà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tòun tìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gbé ife omi síwájú rẹ̀. Bàbá ju hóró oògùn sẹ́nu, ó káwọ́ lérí, ó ń wo àjà. Ọ̀gá bi í léèrè bí ìrìn àjò ṣe rí, Bàbá kàn mi orí. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣúgà ti wálẹ̀.

Télọ̀ pariwo, ó dì mọ́ Nọ́ọ̀sì, ó tún dì mọ́ ìyàwó Bàbá. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀wù yìí mà ṣe wẹ́kú o," ló wí.

"Ìgbẹ̀yìn ní ń yé olókùú àdá, sà," ni Télọ̀ dáhùn, ẹkún àti ẹ̀rín pọ̀ lójú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ń palẹ̀ tábìlì mọ́. Ó gbé ife, ó rí i pé ó kún dẹ́múdẹ́mú bó ṣe gbé e kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò mu omi yìí. Kí lẹ wá fi gbé oògùn mì?"

"Gbé e mì kẹ̀?" ni Baba Dírẹ́fà wí, ojú rẹ̀ sì le bí ẹni tí wọ́n ní ó tàpá sí òfin ìrìnnà, "láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ń fi í há títí á fi yọ́ tán, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ìgò pé, 'Ẹ MÁ MÌ Í'!"