Gọ́tà Ẹ̀yìn Ilé Bàbá Tẹjú

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni Alameen ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìyá rẹ̀, Hassanat, kò wá ohun tó fà á jìnnà: gọ́tà ẹ̀yìn ilé ni. Bí òjò bá ti ṣú ní Ìsọlọ̀, àwọn onílé mìíràn a ṣí sókáwéè, kòtò ìgbẹ́ wọn, kó bá àgbàrá lọ sínú kànáàlì. Ọmọ tó ń rákò kò sì mọ ibi tí a kì í dé. Bó bá ti sún mọ́ gọ́tà, Hassanat a sáré fa omi kànga, a fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, a sì bu díẹ̀ fún un mu.

Síbẹ̀, ọmọ tó ki pọ́pọ́ wá ń gbẹ. Hassanat bá lọ pe wolé-wolé.

Bàbá Tẹjú tó ni ilé bínú títí ó fi ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Alameen, èmi lo lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ mi ló ń kú lọ."

"Sókáwéè tèmi ò kún rí! Ta ló rí ọkọ̀ agbépòó lẹ́nu ọ̀nà mi rí? Ilẹ̀ ní ń mu ún."

"Òùngbẹ mà ń gbẹ ilẹ̀ yín o."

Wolé-wolé ò dá sí wọn. Ó da aró pupa sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó da omi lé e.

"Ibi tí ìgbẹ́ bá ń gbà jáde, ibẹ̀ laró yìí máa yọ sí. Ẹ ṣọ́ gọ́tà."

Òjò dé lọ́sàn-án. Hassanat pọn ọmọ, ó dúró ti gọ́tà. Omi dúdú ń kọjá, ọ̀rá ń kọjá, bàtà ẹnìkan náà kọjá. Pupa kankan ò yọ. Omi òjò ni gbogbo ilé fi dáná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wolé-wolé tún wo gọ́tà, ó mirí.

"Ilé yìí ò dà á síbí."

"Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin ará àdúgbò!" Bàbá Tẹjú ń pariwo. "Ẹ wá gbọ́ lẹ́nu ìjọba!"

Hassanat kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má lé òun jáde.

"Dìde, jàre. Ta ló fẹ́ lé ẹ? Lọ wẹ ọmọ ẹ."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó ju garawa sínú kànga, ó fà á sókè, omi tó gbé jáde sì pupa.