Wáyà Tí Fínífíní Pa Mọ́

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń gbára lé.

1.

Ayàwòrán ilé kan wà tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Fínífíní. Kọ̀ǹpútà ló fi ń yàwòrán, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́ gan-an. Bí àwòrán rẹ̀ bá jáde, ẹ ó rò pé wọ́n fi aṣọ nù ún ni. Kì í fẹ́ rí ìlà tó gorí ìlà. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ yìí. Odindi ilé ló wà nínú kọ̀ǹpútà: ògiri, ilẹ̀kùn, páìpù omi, wáyà iná. Ayàwòrán lè fi ilé náà hàn láti òkè tàbí láti iwájú, kó sì yan ohun tó fẹ́ kó hàn nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Tó bá pa wáyà mọ́, wáyà kò kúrò nínú ilé o. Ojú ìwé nìkan ló ti kúrò.

2.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan dé. Ilé náà ti gbó, dókítà tó ni ín fẹ́ tún un ṣe. Oníṣẹ́ iná ti yẹ ògiri wò yíká, ó sì ti tọ́ka sí gbogbo ibi tí wáyà gbà. Nígbà tí Fínífíní kó wọn sínú àwòrán, ṣe ló rí jágbajàgba, bí òwú tí adìyẹ fẹsẹ̀ tú ká. Dókítà ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Fínífíní pa wáyà mọ́, ó sì ṣe é kí wáyà má hàn nínú àwòrán ilé náà kankan.

Ọ̀gá rẹ̀, ẹnjiníà obìnrin kan tí kì í pariwo, dúró lẹ́yìn àga rẹ̀.

"Wáyà dà?"

"Mo pa wọ́n mọ́ ni, Mà. Wọ́n ń ba àwòrán jẹ́."

"Èyí tí dókítà máa wò, kò burú. Èyí táwọn òṣìṣẹ́ máa gbé lọ sí sáìtì ńkọ́?"

"Màá dá wọn padà, Mà. Àbí ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán kọ́. Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé wáyà wà tí kò hàn, torí ìgbàgbé."

Fínífíní rẹ́rìn-ín músẹ́. Kóun wá kọ ìkọkúkọ sórí iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní báyìí? Kò kọ ọ́.

3.

Dókítà wo àwòrán náà títí, ó ní, "Ó dà bíi pé mo ti ń rìn nínú ẹ̀." Orí Fínífíní wú. Inú ìdùnnú yẹn ló wà tí wọ́n fi pè é láti sáìtì pé àwọn ń bọ̀ wá gba ìwé àwòrán. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ó buwọ́ lù ú, kò sì tú ọ̀kan wò. Wáyà kankan kò sí níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ ní sáìtì náà jẹ́ àbúrò Fínífíní, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Fínífíní ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ nígbà tí bàbá wọn kú, kò sì sẹ́ni tí ọmọkùnrin náà bọ̀wọ̀ fún tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Pẹpẹ oògùn ló fẹ́ kàn mọ́ ògiri. Wọn kò lè pa iná, torí àwọn aláìsàn wà ní yàrá kejì.

"Fi tẹ́sítà tó ń mọ ibi tí iná gbà yẹ ògiri yẹn wò ná," ni olórí òṣìṣẹ́ wí fún un.

Àbúrò yìí wo ìwé, ó rí ìbuwọ́lù tó dá mọ̀ dáadáa.

"Kò sí wáyà níbí. Ẹ̀gbọ́n mi ló yà á."

Ó gbé dirílì lé ògiri.

4.

Kò kú. Àmọ́ iná wáyà inú ògiri jó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá àtúnṣe, wọ́n sì gé e. Nígbà tí Fínífíní wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ọsibítù, ìyá wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí, "ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín lẹ́bi o. Èmi ni mi ò wo ìwé dáadáa. Wáyà á ti wà níbẹ̀, ojú mi ni ò rí i."

Fínífíní ì bá dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ nínú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n kò lè gbé e mì.

"Kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo pa á mọ́."

"Kí ló dé?" ni àbúrò rẹ̀ béèrè.

"Mo fẹ́ kó wu dókítà."

Àbúrò rẹ̀ yíjú sí ògiri. Abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ ìyá wọn dúró. "Máa lọ ná, ọmọ mi," ni ìyá wí, kò sì gbójú sókè.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Fínífíní. Títí di òní, bó bá yà sílé ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ á kí i, á sì dìde wọ yàrá lọ. Kò bú u rí. Ìyẹn ló ń dùn ún jù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra. Kí ẹ tó pa nǹkan mọ́ kí iṣẹ́ yín lè dára lójú, ẹ ro ti ẹni tó máa gbé iṣẹ́ náà lọ lò. Bí wọ́n bá kìlọ̀ fún yín, ẹ má wò ó bí ìwọ̀sí. Ẹ tú iṣẹ́ yín wò kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ sì kọ ohun tí kò bá hàn sílẹ̀. Ẹni tó gbà yín gbọ́ kò ní yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì.