Ọrùn Àgbò Dúdú

Dókítà ẹran ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán lórí alùpùpù rẹ̀ tí ìyá alágbò ti da ẹjọ́ bò ó.

"Abẹ́rẹ́ tí ẹ gún fún àwọn àgbò mi ti di eéwo sí wọn lọ́rùn. Iléyá sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó wá wò wọ́n láti Ìyànà Ìpájà ti yọ́ lọ. Ta ló máa rà wọ́n báyìí?"

Dókítà tẹ eéwo kan wò, ó ti rọ̀. Ó fá irun ibẹ̀, ó fi abẹ là á, ọyún tú jáde. Ibi tó ti ń nu ọwọ́ ló ti rí àgbò dúdú kan tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ògiri, tí ọrùn rẹ̀ ń dán.

"Màmá, ṣebí mo gún ìyẹn náà lábẹ́rẹ́?"

"Ìyẹn? Oníjàgídíjàgan ni jàre, kì í jẹ́ kéèyàn tọ́jú òun. Àwọn yòókù ni mò ń fi omi gbígbóná tẹ ojú abẹ́rẹ́ wọn láàárọ̀ lálẹ́ bíi tọmọ tuntun. Àkísà kan náà ni mo fi ń tẹ gbogbo wọn."

Dókítà ò tíì nu ọwọ́ tán tí Màmá fi gbé kẹ́tùlù dé, tó ń rú èéfín.

Àgbò dúdú fi èèpo iṣu sílẹ̀, ó rọra lọ dúró sẹ́yìn dókítà.