Iná Tó Ń Lọ Lọ́sàn-án

Iná mànàmáná ti wọ́n ní Tangerang, ìlú wa, nítorí náà mo ń kọ nọ́ńbà mítà wa sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Láàárọ̀, Ratih ọmọ wa á lọ sílé ìwé, Darsono ọkọ mi á wọ yunifọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ bàtà, èmi náà á lọ síbi tí mo ti ń ránṣọ.

Ilé á ṣófo. Síbẹ̀, nírọ̀lẹ́, mítà á fi hàn pé iná ti lọ, bí ẹni pé ẹnì kan ń lò ó.

Mo yọ fìríìjì lára iná. Kò yàtọ̀.

"Bàbá Ratih, àbí aládùúgbò ló ń fa iná wa?"

"Mítà yẹn ló ti gbó. Má da ara ẹ láàmú."

Lónìí, mo tọrọ àyè, mo wálé lọ́sàn-án. Mo yọjú lójú fèrèsé.

Darsono jókòó síwájú fáànù, tòun ti yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Oúnjẹ tí mo dì fún un wà lórí itan rẹ̀, kò tíì tú u.

Mi ò kanlẹ̀kùn. Mo gba iwájú ilé iṣẹ́ bàtà padà. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì sọ fún mi pé láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti dá Darsono àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Mi ò sunkún. Mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Nírọ̀lẹ́, Darsono wọlé ní àsìkò tó máa ń wọlé.

"Iṣẹ́ pọ̀ lónìí," ló wí.

Mo gbé omi fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ratih."